Ìjàpá àti Owó Ìgbọ̀n

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo, ó yí lu Ajá, ó yí lu Ọ̀bọ, ó já wọ ihò Òkété, kò jáde mọ́.

Ẹ má wá igbó tí mo ń wí yìí lọ sọ́nà jíjìn. Bí ẹ bá kúrò ní Ìkéré-Èkìtì, tí ẹ fi òkè Olósùnta sẹ́yìn, tí ẹ kọrí sí ọ̀nà Ìsẹ̀, ẹ ó kan igbó ọba kan níbẹ̀ tí ìnàkí gidi ṣì ń gbé títí di òní, ìyẹn àwọn tí agégẹdú àtàwọn tó ń yọ́ gbin kòkó kò tíì lé jáde. Kòkó ni iṣẹ́ gbogbo ẹranko ibẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń gbìn ín, ó sì ń jí i jẹ. Ọ̀bọ ń rà á jọ fún àwọn olówó Àkúrẹ́. Ìgbín ń sá a lórí ẹní. Ajá ló ń ṣọ́ ọ lóru, wọ́n ní ó máa ń sùn.

Láyé àtijọ́, Erin ló ń dá iye lé kòkó. Bí àsìkò bá ti tó, Erin á dúró lórí òkìtì, á ní: “Iye rẹ̀ rèé. Ẹni tó bá wù kó tà, ẹni tí kò bá wù kó máa fi sebẹ̀.” Iye ọ̀hún kì í tẹ́ni lọ́rùn, nítorí ikùn Erin ló ń kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í mì. Bí wọ́n bá ti pè é lóṣù kẹwàá, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí títí kòkó fi tán lórí igi. Lọ́dún 1986, Erin ṣubú. Ẹ̀yin àgbà mọ ohun tí mò ń wí: ọdún náà ni ìjọba Nàìjíríà tú ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó ká, tí olúkúlùkù oníkòkó wá ń dá ọjà rẹ̀ ná. Láti ìgbà náà ni iye tí wọ́n bá pè ní London àti New York láàárọ̀ ti ń dé Ìsẹ̀ àti Èmùré kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọjọ́ tí erin bá sì kú là ń rí oríṣiríṣi ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ tí Ìjàpá mú wá, ìwé ni.

Ó gbé tábìlì kékeré sídìí ìrókò, ó gbé pátákó kọ́ sókè rẹ̀: ÌJÀPÁ ÀTI ỌMỌ, AJẸ́-ẸNI-TÓ-ṢEÉ-FỌKÀN-TÁN. Kò bímọ, ṣùgbọ́n irú pátákó bẹ́ẹ̀ kì í dá ẹnì kan ṣoṣo dárúkọ. Ó pe Ọ̀bọ.

“Ọ̀bọ, kòkó jẹ́ 100 owó ẹyọ lápò kan lónìí. Bó bá di 150 kí o tó rówó ra tìrẹ ńkọ́?”

Ọ̀bọ ní: “Mo gbé nìyẹn.”

“Ra ìwé mi. Ẹni tó bá mú ìwé yìí wá kí ọdún Olósùnta tó kọjá, mo gbọ́dọ̀ ta àpò kòkó kan fún un ní 100, bó wù kí ọjà gùn tó. Bí kò bá sì wù ọ́ mọ́, má rà. N kò ní mú ọ.”

Ẹ fetí sí ibẹ̀ yẹn dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo àlọ́ yìí fi ìdí lé. Ọ̀bọ lè rà, Ọ̀bọ lè fọwọ́ lẹ́rán. Ìjàpá kò lè fọwọ́ lẹ́rán. Nítorí ìyẹn ni Ọ̀bọ ṣe ń san owó ìwé, kò sì ní rí owó náà gbà padà láé, ì báà ra kòkó, ì báà má rà á. Ọjọ́ tí ọdún bá sì kọjá, ìwé di ohun tí wọ́n fi ń di ẹ̀kọ.

“Èló ni ìwé?”

Ìjàpá wo ẹ̀yìn wò. Lọ́dún tó kọjá, kòkó ò ju 98 sí 102 lọ. “Owó ẹyọ 2,” ló wí.

Báyìí ni ọdún ń gorí ọdún. Kòkó lọ sí 101, ó padà sí 99. Àwọn ìwé ń kú níkọ̀ọ̀kan, owó ẹyọ 2 ń wọlé níkọ̀ọ̀kan. Yánníbo ń ra léèsì. Ìjàpá ń jẹ iyán lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó ń sọ fún àwọn tó jókòó tì í pé: “Ẹ̀rù ni mò ń tà. Ẹ̀rù kì í rà, kòkòrò kì í jẹ ẹ́, kò sẹ́ni tó lè sọ pé gíréèdì rẹ̀ kò pé.” Bó bá yó tán, á gbórin sẹ́nu:

Lílé: Kòkó ń bẹ lórí igi
Ègbè: Gbọ̀n rìrì
Lílé: Àyà Ọ̀bọ já, ó múwó wá
Ègbè: Gbọ̀n rìrì
Lílé: Àyà Ajá já, ó múwó wá
Ègbè: Gbọ̀n rìrì
Lílé: Èmi Ìjàpá mo jókòó jẹ́ẹ́
Ègbè: Gbọ̀n rìrì
Lílé: Ẹni tó ń gbọ̀n ní ń sanwó o
Ègbè: Gbọ̀n rìrì

Ẹnì kan ò bá wọn gbe orin náà. Òkété ni.

Òkété ní okùn kan. Lọ́rọọrún ọjà, á yọrí nínú ihò, á béèrè iye kòkó, á rántí iye ọjà tó kọjá, á sì ta kókó kan sára okùn. Bí kòkó bá fi owó ẹyọ 1 kúrò níbi tó wà, kókó tuntun á jìnnà sí ti tẹ́lẹ̀ ní ìbú ìka kan. Bó bá fi 5 kúrò, ìbú ìka márùn-ún. Ajá tó ń ṣọ́ kòkó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ wò ó títí, ó ní: “Ìyá Òkété, ọjà tó kọjá, ṣe ni kòkó gùn. Lónìí, ṣe ló já. Ọ̀nà kan náà lẹ ń ta á sí. Báwo lẹ ó ṣe mọ èyí tó gòkè yàtọ̀ sí èyí tó sọ̀?”

Òkété ní: “Ọmọ mi, ibi tí ọjà ń lọ, Ẹlẹ́dàá ló mọ̀ ọ́n. Bó ṣe ń fò tó ni mò ń wọ̀n.”

Ajá rẹ́rìn-ín, ó sọ fún Ọ̀bọ pé arúgbó ti ń ṣarán.

Okùn Òkété ti àwọn ọdún náà, ìbú ìka kan, ìbú ìka méjì, ìbú ìka kan. Ó rí bí ẹ̀gbà ọrùn ọmọdé. Ṣùgbọ́n okùn mìíràn wà nísàlẹ̀ ihò, tí ìyá rẹ̀ ta kó tó kú. Ìyá yẹn kì í béèrè iye lọ́wọ́ Erin; ọwọ́ Lékèélékèé ló ti ń gbọ́ ti ìlú òkèèrè. Lára okùn náà, níbi ọdún 1977, kókó kan jìnnà sí èkejì ju apá lọ. Ọdún náà ni kòkó gùn lágbàáyé dé ibi tí kò tún dé mọ́ fún ohun tó lé ní 40 ọdún. Òkété tẹ́ okùn méjèèjì sílẹ̀, ó ń wo ti ìyá rẹ̀, ó ń wo tirẹ̀, ó sì ronú pé Ìjàpá ń dá iye lé ìwé bí ẹni pé èṣí nìkan ni ọdún tó wà láyé.

Nígbà náà, Ọ̀bọ ti ṣíwọ́ rírà. Ó ní òun kò lè máa sanwó lọ́dọọdún sórí ohun tí kì í ṣẹlẹ̀. Ajá náà ṣíwọ́. Òkété gba ìdí ìrókò lọ, ó ra ìwé 40 lẹ́ẹ̀kan, ó ka owó ẹyọ 80 sílẹ̀. Ìjàpá di ẹbu iṣu fún un pẹ̀lú ìdúpẹ́, ó ní kí màmá máa bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Kò dé ọdún tó ń bọ̀.

Lékèélékèé ti ìwọ̀ oòrùn dé, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́lọ́wọ́. Òjò rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ní Côte d'Ivoire àti Ghana, àwọn méjì tó ń kó ju ìdajì kòkó ayé jáde. Èso ń dúdú lórí igi. Àrùn tó ń wú ẹ̀ka ti wọ oko mìíràn. Ọ̀gbẹlẹ̀ wá gba ipò lọ́wọ́ òjò. Kòkó kúrò ní 100, ó di 130, ó di 210. Àwọn tó ti bá ẹlòmíràn ṣàdéhùn kòkó tí wọn kò ní lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rà á lójú méjèèjì, èyí sì tún lé e sókè. Ó di 400.

Ẹni tó bá rò pé ẹnu àlọ́ ló ń ràn mí, kó bi oníkòkó tó wà nítòsí rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, tọ́ọ̀nù kòkó kan jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 2,600 ní New York. Lóṣù kẹrin 2024, ó lé ní 11,000. Oṣù tó tẹ̀ lé e kò tíì dá sí méjì dáadáa tó fi já wálẹ̀ sí nǹkan bí 7,000. Lóṣù kejìlá ọdún kan náà, ó tún fò, ó lé ní 12,000. Ghana tó ti ta kòkó sílẹ̀ ṣáájú ní iye àtijọ́ kò rí gbogbo rẹ̀ kó fún àwọn tó bá a ṣàdéhùn. Irú ìwé tí Ìjàpá ń tà yìí náà, gbangba ni wọ́n ti ń tà á lórí kòkó ní London àti New York, àwọn tó sì tà á ní pọ́ọ́kú lọ́dún tí ara tu gbogbo ayé, ẹ fojú inú wo bí oorun wọn ṣe rí.

Òkété kó ìwé 40 rẹ̀ dání, ó lọ sídìí ìrókò. 400, ká yọ 100 kúrò, 300 lórí ìwé kọ̀ọ̀kan. Owó ẹyọ 12,000.

Tábìlì wà níbẹ̀, pátákó wà níbẹ̀, Ìjàpá ò sí. Yánníbo jáde, ó ní: “Ìyá, ó ti lọ sí Àkúrẹ́.”

Òkété rí ìdí igbá kan tó ń mí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò bá a jà. Ó jókòó tì í. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́. Nígbà tí ebi pa Ìjàpá, ó yọ orí.

“Ìyá, ẹ forí jì mí. Léèsì Yánníbo kò tó 12,000. Èmi fúnra mi kò tó 12,000.”

Òkété ní: “Mo mọ̀. Jókòó sídìí tábìlì rẹ, máa bá iṣẹ́ lọ. Tábìlì ti di tèmi, ẹnu ló kù tó jẹ́ tìrẹ. Èmi ni n óò máa sọ iye tí ìwé jẹ́. Nínú 10 tó bá wọlé, 9 jẹ́ tèmi. Má sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Ohun tí wọ́n sọ nínú yàrá nìyẹn. Ohun tí igbó gbọ́ ni pé arúgbó kan fi owó ẹyọ 80 gba 12,000. Ajá ò sùn lóru yẹn; wọ́n ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìlà ti tò láti ìdí ìrókò dé etí odò Ògbèsè. Ọ̀bọ fi òṣùwọ̀n tó fi ń wọn kòkó dógò. Ọ̀kẹ́rẹ́ ti ta kòkó orí igi kó tó pọ́n. Ìnàkí wà níbẹ̀ pẹ̀lú, òun tí kòkó gba igbó bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun gan-an ló ṣíwájú. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń wí: “Kòkó á tún gùn.” Lékèélékèé ti ránṣẹ́ pé òun yóò dé lọ́jọ́ ọjà kẹrin láti wá sọ iye èso tó wà lórí igi ní ìwọ̀ oòrùn. Bí kò bá pọ̀, kòkó á fò. Bó bá pọ̀, á já.

Kòkó wà ní 400. Ìwé tuntun náà, 400 ni wọ́n kọ sí i lórí, yóò sì kú lẹ́yìn oṣù kan. Lọ́jọ́ ọjà kìíní, owó ìwé jẹ́ 20. Lọ́jọ́ kejì, 45. Lọ́jọ́ kẹta, 90.

Ìgbín dé ìdí tábìlì nígbà yẹn, nítorí ọjọ́ kìíní ló ti ń bọ̀. Ó wo iye kòkó, ó wo iye ìwé. Ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Ìjàpá, kòkó ò tíì kúrò ní 400 láti ọjà mẹ́ta. Kí ló wá ń gùn nínú ìwé?”

Ìjàpá ní: “Ìgbín, ìwọ lo lọ́ra.”

Ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni ò tún bi í. Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè tí Ìgbín bi yẹn, àwọn ará Chicago, tí wọ́n ti ń ta irú ìwé bẹ́ẹ̀ lórí ìpín ilé-iṣẹ́ láti 1973, ṣe òṣùwọ̀n odidi fún un lọ́dún 1993. VIX ni wọ́n ń pè é. Kì í sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá ọjà ń lọ sókè tàbí ìsàlẹ̀. Iye tí àwọn èèyàn gbà láti san lórí ìwé ló fi ń mọ bí àyà wọn ṣe ń já tó. Ohun tó ń gùn nínú ìwé Ìjàpá, àyà jíjá ni. Àpò kòkó kan kò kúrò lójú kan.

Ajá san 90. Ọ̀bọ san 90 lọ́nà 10. Ìnàkí san tirẹ̀ láìka ṣẹ́ńjì.

Ọjọ́ kẹrin pé. Lékèélékèé bà lórí ẹ̀ka, ó ṣán ìyẹ́, ó ní: “Èso kò tó ti èṣí.”

Kòkó fò lọ sí 430. Ariwo sọ! Ọ̀bọ ta òkìtì. Ajá fi ìrù gbá ilẹ̀ títí eruku fi bo òṣùwọ̀n. Àwọn fúnra wọn ló gbórin Ìjàpá, wọ́n yí i padà:

Lílé: A ní yóò gùn, ó mà gùn o
Ègbè: Gbọ̀n rìrì
Lílé: Ojú Ọ̀bọ ríran, ojú Ọ̀bọ là
Ègbè: Gbọ̀n rìrì
Lílé: Ìjàpá yóò lọ sí Àkúrẹ́
Ègbè: Gbọ̀n rìrì
Lílé: Àkúrẹ́ ò ní gbà á lálejò
Ègbè: Gbọ̀n rìrì

Wọ́n jó dé ìdí ìrókò. Ìjàpá ò sá. Ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ajá na ìwé rẹ̀ sí i.

“Ẹ ra ìwé mi padà, Bàbá.”

Ìjàpá yẹ̀ ẹ́ wò, ó fi í lélẹ̀ sórí tábìlì, ó ka owó ẹyọ: márùn-ún, mẹ́wàá, títí ó fi dé 45. Ó ti owó náà síwájú Ajá.

Ajá dúró. “Ó kù.”

“Kò kù.”

“90 ni mo san! Mo ní yóò gùn, ó sì gùn. Ṣé ó gùn àbí kò gùn?”

“Ó gùn,” Ìjàpá ní. “Ìwọ ò purọ́ rárá. Ẹni tó bá wù kó dúró títí ìwé yóò fi kú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ìjókòó wà.”

Àwọn kan dúró. Lọ́jọ́ tí ìwé pé oṣù kan, kòkó wà ní 435, wọ́n gba 35. Ọ̀bọ tó ti fi òṣùwọ̀n dógò kò rí i gbà padà, láti ọjọ́ náà ló ti ń fojú wọn kòkó. Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ sí ààfin Kìnnìún.

Kábíyèsí gbọ́ ti Ajá, ó gbọ́ ti Ìjàpá, kò yé e. Ó ní ta ló mọ ọjà yìí dáadáa nínú igbó yìí. Gbogbo wọn pariwo pé: “Ìyá Òkété!” Wọ́n gbé e wá pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n tẹ́ ẹní fún un, òun tí wọ́n ti ní ó ń ṣarán. Ó kúnlẹ̀ kí ọba, ó sì tú okùn.

“Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Owó tí wọ́n san sórí ìwé, ọ̀nà méjì ló pín sí. Èkíní ni èrè tó ti wà nílẹ̀ nínú ìwé. Lọ́jọ́ tí wọ́n rà á, kòkó jẹ́ 400, orí ìwé jẹ́ 400, èrè kankan ò sí nílẹ̀. 90 tí wọ́n san, owó ìgbọ̀n ni látòkèdélẹ̀: owó tí ènìyàn ń san nítorí pé kò mọ ohun tí ẹyẹ yóò wí. Ẹyẹ ti wá sọ̀rọ̀. Ohun tó ń gbọ̀n wọ́n ti di mímọ̀. Owó ìgbọ̀n tú dànù lọ́jọ́ kan. Ohun tó kù ni 30 tí kòkó fi gùn, àti díẹ̀ nítorí ọjọ́ tó ṣẹ́ kù.”

Ó na okùn náà kí ọba lè rí i. “Àní lọ́dún tí kòkó ya wèrè yìí, ẹ wo àárín kókó sí kókó. Nígbà tó ti wọ orí 400, oṣù tó fò jù, 60 ló fi kúrò lójú kan. Ẹni tó san 90, ó dìgbà tí kòkó bá kọjá 490 kí èrè rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ta ni nínú wọn tó wọn okùn kó tó ka owó sílẹ̀?”

Gbogbo ààfin dákẹ́. Ọ̀bọ ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ajá nìkan ló ṣì na ọwọ́ sókè.

“Ìyá, ó yé mi wàyí. Ẹnì kan ló kó owó ìgbọ̀n yẹn. Ta ni?”

Òkété wúkọ́. Ó ní: “Kábíyèsí, ilẹ̀ ń ṣú, ojú mi kì í ríran lálẹ́.” Òkété ni ó wí bẹ́ẹ̀ o, tí gbogbo ayé mọ̀ pé òru ló ń jẹ̀. Wọ́n sin ín dé ẹnu ihò, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn.

Kìnnìún rò ó wò, ó rí i pé ìgbọ̀n ló fa gbogbo rẹ̀. Ó sì dájọ́. Àkùkọ ló ké e káàkiri, láti Ìkéré dé Èmùré: “Kábíyèsí ní láti òní lọ, kòkó kò gbọ́dọ̀ gbọ̀n mọ́. Kò gbọ́dọ̀ fi ju owó ẹyọ 5 kúrò níbi tó wà láàárín ọjà kan sí èkejì. Kòkó tó bá dán an wò, wọ́n á mú un.” Àwọn ẹranko pàtẹ́wọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ọba jáde pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀, wọ́n ń ka kòkó. Ọjà mẹ́ta kọjá, ó bọ́ sí i pé kòkó dúró sí 430 wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n ní ẹ ò rí ọba tó mọ èèyàn ṣàkóso! Kò sẹ́ni tó ra ìwé mọ́. Owó ìwé já láti 90 dé 3.

Ní òru ọjọ́ kan, Ìkookò, ìránṣẹ́ ọba, kan ilẹ̀kùn Ìjàpá. Ẹnì kan rán an, kò dárúkọ onítọ̀hún, ṣùgbọ́n adé wà lára àpò owó. Ẹni náà fẹ́ irú ìwé kejì: kì í ṣe ti rírà, ti títà. Bí kòkó bá já wálẹ̀, ẹni tó ni ìwé lẹ́tọ̀ọ́ láti ta àpò kan fún Ìjàpá ní 400. Ó fẹ́ 200 rẹ̀. Ó kó owó ẹyọ 600 sílẹ̀.

Òkété ti kìlọ̀ fún Ìjàpá. Ó ti ní ẹ̀mí ọjà ti balẹ̀ ṣùgbọ́n okùn òun kò tíì gbọ́. Yàtọ̀ sí ti ọjà mẹ́ta yìí, àwọn kókó jìnnà síra wọn. “Má ta ìwé kankan ní ohun tó dín sí 40.” Ìjàpá wo 600, ó wo àṣẹ ọba tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ìrókò, ó rẹ́rìn-ín sínú. Ó ronú pé: Kábíyèsí pàápàá kò mọ agbára àṣẹ ara rẹ̀! Òkété 9, èmi 1, títí di ìgbà wo? Ó fọwọ́ sí ìwé 200 lábẹ́ orúkọ ara rẹ̀, kò sì sọ fún Òkété.

Kábíyèsí mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ nínú igbó yẹn pé àṣẹ òun kò dé London.

Lékèélékèé padà dé. Òjò ti dára ní ìwọ̀ oòrùn. Àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì ti dín kòkó kù nínú rẹ̀ nítorí ọ̀wọ́n. Kòkó kúrò ní 430, ó di 360. Àkùkọ ké àṣẹ ọba sókè sí i. Ó di 290. Àkùkọ gun orí òkìtì, ó ké e títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó di 220. (Lágbàáyé tí a wà yìí, kòkó tó lé ní dọ́là 12,000 ní ìparí 2024 ti wà ní nǹkan bí 6,000 nígbà tí 2025 ń parí, kò sì sí ẹni tó rí i mú.)

Ìkookò padà sí ilé Ìjàpá ní ọ̀sán gangan lọ́tẹ̀ yìí, pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ mẹ́jọ. 400, ká yọ 220, 180. Ìwé 200. Owó ẹyọ 36,000.

Yánníbo jáde. “Ó ti lọ sí Àkúrẹ́.”

Ìkookò ní: “A ti dé Àkúrẹ́. Wọ́n ní ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.”

Bí wọ́n ṣe ń gbé Ìjàpá lọ tòun tábìlì, àwọn ẹranko kò ráyè wò ó. Kòkó ń já, wọn kò sì tíì ta ti ọdún yìí. Ọ̀bọ ń sáré. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń sáré. Wọ́n ti gbọ́ pé ìwé títà kan wà tó ń gba ènìyàn là bí kòkó bá já, pé ẹnì kan tiẹ̀ ti fi 3 gba 180 lórí rẹ̀, wọ́n sì ti mọ ibi tó kù tí wọ́n lè rí i. Ìlà ti gùn dé odò kí Ajá tó dé ẹnu ihò, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, àpò owó ń bẹ lẹ́nu rẹ̀.

“Ìyá Òkété, ẹ jọ̀ọ́, ìwé títà ti 220. Èló ni?”

Ohùn kan dáhùn láti ìsàlẹ̀: “95.”

“95! Ẹ ṣàánú mi, Ìyá, 3 ni wọ́n tà á lóṣù tó kọjá!”

“Oṣù tó kọjá ńkọ́, níbo lo wà?”

Ajá ò fèsì. Ó tú àpò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

“Má tì mí lójú pa,” Òkété ní. “Ọ̀bọ ló kàn. Lọ tò sẹ́yìn.”